Ìbọn Bàbá Ṣadé Nínú Fíìmù

Akíntóyè, ọmọ Ẹkímọ̀gún, ọkọ mi, bàbá Fọláṣadé. Ọdẹ a-rìn-má-fọ́-ewé-gbígbẹ, a-rí-ẹran-má-kánjú, a-pa-ẹran-fún-opó-jẹ. Ọkùnrin tó mọ igbó Oda bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọlọ́dẹ tí í fi sùúrù ṣe àpò, tí í fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe ẹ̀wù. Ọ̀rẹ́ Ọdẹ́yẹmí títí dọjọ́ ikú, ẹni tí kò da ọ̀rẹ́ rí. Mo pè ọ́ lórúkọ lónìí, èmi tí n kò pè ọ́ lórúkọ rí nígbà tí o wà láyé. Má bínú sí mi. Orúkọ náà ni wọ́n bà jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é kí etí gbogbo ayé gbọ́.

Mo rántí ìgbà tí òórùn òróró máa ń kún yàrá wa ní Oǹdó lọ́sàn-án Sátidé. Aránṣọ ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti lo ẹ̀rọ kan náà láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira. Òróró tí mo ń kán sínú ẹ̀rọ mi ni ọkọ mi máa ń tọrọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi nu ìbọn rẹ̀. Èmi á máa ran aṣọ, òun á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa sọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni ìbọn rẹ̀, kì í ṣe ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ ń rọ. Bàbá rẹ̀ ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó onígẹdú kan tó ń padà sílé. Igi ìdí rẹ̀ pupa bí epo tó dì, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní ọnà lára: ẹnìkan ti jókòó nílùú òyìnbó fín ewé àti ẹyẹ sí i, ó wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́. Ọkọ mi á wo ẹyẹ náà títí, á ní òun ti rin igbó láti Oǹdó dé Oda, òun kò tíì rí irú ẹyẹ yìí, ó ní ó dá òun lójú pé ẹni tó fín in kò dé oko rí.

Ìbọn náà máa ń tẹ̀ láàárín. Ọkọ mi kì í sọ pé ó tẹ̀, ó ní ó kúnlẹ̀. Bó bá fẹ́ wọlé, bó bá fẹ́ la odò, bó bá pàdé ọmọdé lọ́nà oko, á jẹ́ kí ìbọn náà kúnlẹ̀, á yọ ọta rẹ̀ sápò, ẹnu méjèèjì á dojú kọ ilẹ̀. Ó ní ìbọn tí kò bá kúnlẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Nígbà tí mo wà ní ìyàwó tuntun, mo rò pé èmi ló ń pòwe mọ́, pé ó ń fi ìbọn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí ọkọ. Mo dijú mọ́rí fún un, mo sì ń kí i lóòró. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni.

Ọdẹ́yẹmí ni ẹnìkejì rẹ̀ nínú igbó. Ọmọ Oǹdó ni òun náà, ṣùgbọ́n Ìjàrẹ́ ló ti fẹ́ ìyàwó, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bùsúyì. Ṣakabùlà ni Ọdẹ́yẹmí ń lò, ìbọn ẹlẹ́tù tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti ki ẹ̀tù sí i, àfi kí o yìn ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti igbó Oda, wọ́n dé odò kékeré kan tí wọ́n gbé ìtì igi dábùú rẹ̀. Ọkọ mi tẹ ìbọn tirẹ̀, ó yọ ọta, ó kọ́kọ́ kọjá. Ọdẹ́yẹmí tẹ̀ lé e. Ìrì ti mú kí igi náà yọ̀. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́yẹmí tàsé, ó ṣubú lé ìbọn ara rẹ̀, ìbọn náà sì dún. Kí ọkọ mi tó yíjú padà, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Òun ló gbé e lé èjìká títí dé ọ̀nà mọ́tò.

Àwọn àgbà ọdẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n gba ìbọn méjèèjì, wọ́n ń fi imú gbọ́ ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ìbọn tó bá ti dún kò lè fi òórùn ẹ̀tù pamọ́. Ẹ̀tù ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìbọn Ọdẹ́yẹmí. Lẹ́nu ìbọn ọkọ mi, òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni wọ́n gbọ́. Bàbá Ọdẹ́túndé tó jẹ́ olórí ọdẹ nígbà náà gbé ìbọn padà lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí òkú, ó ní, “Akíntóyè, ọwọ́ rẹ mọ́. Lọ sin ọ̀rẹ́ rẹ.” Ìbọn ọkọ mi ló kọ́kọ́ dún lẹ́bàá ibojì Ọdẹ́yẹmí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láàárín wọn nìyẹn: bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yìnbọn fún un kí ilẹ̀ tó gbà á. Ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni wọn kì í yìnbọn fún.

Ìyá Bùsúyì kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Ìjàrẹ́, sí ilé bàbá rẹ̀. Láti ọdún náà, ẹran tí ọkọ mi bá pa nítòsí Kérésì, itan rẹ̀ di ti Ìyá Bùsúyì. Ẹnikẹ́ni kò bù ú lé e. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Ọkọ mi kì í rò ó. Èmi ni mo máa ń gbé itan náà lọ. Ìyá Bùsúyì á gún iyán, a ó jẹ, a ó sunkún díẹ̀, a ó sì rẹ́rìn-ín púpọ̀, ó di pé bí ọdún bá ń sún mọ́lé, Ìjàrẹ́ ni ọkàn mi máa ń lọ ṣáájú Kérésì fúnra rẹ̀.

Tíṣà Ládipọ̀ ni ọ̀rẹ́ tó kù fún ọkọ mi. Ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ lọ ní kékeré, ọkọ mi fi í sílẹ̀, Tíṣà kà á lọ títí tó fi di tíṣà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, ó ní òun fẹ́ kọ ìwé nípa ayé ọdẹ. Ó ń wá sí Oǹdó, a ń fún un lóúnjẹ, ó ń bi ọkọ mi léèrè, ọkọ mi ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ odò tí Bàbá Ṣadé kò lè sọ tán fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, ó sọ ọ́ fún Tíṣà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ìwé náà jáde, Tíṣà jókòó sí pálọ̀ wa, ó ka ojú ewé odò náà sí wa létí. Ó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: bí ìbọn ṣe kúnlẹ̀, bí ó ṣe kọ́kọ́ kọjá, bí àwọn àgbà ṣe fi imú gbọ́ ọ. Ọkọ mi fi fìlà nu ojú. Ó ní Ọdẹ́yẹmí kò ní sọnù mọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn oníṣẹ́ fíìmù gbọ́ nípa ìwé náà. Tíṣà mú olùdarí wọn wá bá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkọ mi, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní àwọn kò fẹ́ ìbọn onígi tí wọ́n fi ń ṣeré orí ìtàgé, ìbọn gidi tó wà nínú ìwé náà ni àwọn fẹ́. Ọkọ mi gbà, ó ní òun fúnra òun ló máa máa gbé e wá, tí òun á sì máa gbé e lọ, nítorí orúkọ òun ló wà lórí ìwé àṣẹ rẹ̀. Èmi ni mo yọ̀ jù. Mo sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé ìbọn ilé wa ti fẹ́ di òṣèré. Mo tilẹ̀ ran búbà tuntun dè é, bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ yà.

Mo bá a lọ sí Oda lọ́jọ́ kan láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ti wọ ẹ̀wù tí wọ́n so owó ẹyọ mọ́ fún òṣèré tó ń ṣe ọkọ mi, bó bá ti gbẹ́sẹ̀ báyìí, á dún ṣaworo ṣaworo. Ọkọ mi bi olùdarí léèrè pé ṣé ọkùnrin yìí fẹ́ pa ẹran ni, àbí ó fẹ́ pè é wá jẹun.

“Bàbá, àwọn tó ń wò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọdẹ ni.”

“Ẹran náà ti mọ̀,” lọkọ mi wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ odò ni kò fi bá wọn ṣàwàdà. Ó mú òṣèré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìbọn, bí wọ́n ṣe ń yọ ọta, bí wọ́n ṣe ń gbé e dání lórí ìtì igi. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, ó mọ̀ ọ́n jù bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó ń ya fíìmù gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sún mọ́ ọn títí ewé àti ẹyẹ ara irin náà fi ń dán lójú ẹ̀rọ. Ojú wa báyìí ni wọ́n ṣe yà á: ìbọn kúnlẹ̀, ó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbé ṣakabùlà ṣubú sódò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń padà lọ sí Oǹdó, Bàbá Ṣadé ń kọrin ìjọsìn nínú mọ́tò, èyí tí kì í ṣe àṣà rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà han ìlú. Iwájú ni wọ́n fi wá sí. Ìyá Bùsúyì wá láti Ìjàrẹ́, ó jókòó tì mí. Adéwùmí, àbúrò Ọdẹ́yẹmí, tó ṣì wà ní kékeré nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, tó ti di olórí ọdẹ ní Oǹdó báyìí, jókòó tì í. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni a ń rín. Ẹran tí wọ́n pè ní ẹtu, òbúkọ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ hàn gedegbe. Òṣèré náà yìn ìbọn ẹlẹ́nu méjì nígbà márùn-ún, kò fi ọta kan kún un. Ọkọ mi fẹnu sí mi létí, ó ní àṣé ìbọn òun ti bímọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé odò. Mo ń retí ibi tí ìbọn á ti kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Òṣèré náà gbé e kọ́ èjìká ní títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ díẹ̀, iná yọ lẹ́nu ìbọn, ẹyẹ ara irin náà dán gbáà lójú wa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ṣubú sódò. Aránṣọ ni mí, mo mọ ohun tí àlùmọ́gàjí lè ṣe. Wọ́n ti gé ibi tí ìbọn ti kúnlẹ̀ dànù. Ibi tó ti ń yìn ín sí òbúkọ, ni wọ́n fi rán mọ́ ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń ṣubú, tí ojú rírán rẹ̀ kò sì hàn. Òṣèré náà wólẹ̀ sínú omi, ó ń ké pé òun ti pa ọ̀rẹ́ òun. Wọn kò tilẹ̀ yí orúkọ padà. Akíntóyè ni wọ́n ń pè é.

Gbogbo gbọ̀ngàn ń sunkún. Ọkọ mi kò sunkún, ó kàn ń wo ìbọn rẹ̀. Adéwùmí dìde, ó di ọwọ́ Ìyá Bùsúyì mú, ó fà á jáde. Mo yíjú wẹ̀yìn láti wá Tíṣà, mo rí i, àwọn ènìyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò sì jọ ojú ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti rí i ṣáájú wa. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó wá sílé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ṣàlàyé fún wa pé àwọn eléré ní ẹkún kì í pọ̀ lórí ẹni tí ìbọn ara rẹ̀ pa, pé ẹ̀bi ló ń mú kí ènìyàn jókòó wo fíìmù dópin, pé bí òun kò bá gbà, wọn kò ní ṣe é rárá, ìwé òun á sì wà bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ nípa rẹ̀. Ọkọ mi jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

“Tíṣà, ìwọ lo kọ ọ́ síwèé pé ìbọn mi ṣí sílẹ̀. Ta ló wá tì í?”

“Ẹ̀gbọ́n, eré ni. Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ á lọ ka ìwé.”

“Mélòó nínú wọn ló ń kàwé?”

Tíṣà mu omi tí mo gbé fún un, ó dìde, ó lọ. Kò tún jẹun nílé wa mọ́.

Fíìmù náà wọ inú fóònù gbogbo ènìyàn. Mo ń lọ sọ́jà, mo ń gbọ́ ohùn òṣèré yẹn láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ké orúkọ ọkọ mi pọ̀ mọ́ ikú. Àwọn tó mọ̀ wá ń kí wa pẹ̀lú àánú, àánú yẹn gan-an ló ń dùn mí. Nígbà tí Kérésì dé, mo gbé itan ẹran lọ sí Ìjàrẹ́ bí mo ti ń ṣe. Adéwùmí ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Kò bú mi, kò pariwo. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ gbé e padà. Àṣé ẹran ẹ̀bi la ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá.” Mo rí Ìyá Bùsúyì lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá, tó fi ìborùn bo ẹnu. Oore tí a ṣe tọkàntọkàn, òun ni wọ́n wá fi ṣe ẹ̀rí. Mo gbé ẹran náà padà sí Oǹdó, mo pín in fún aládùúgbò. Ọkọ mi kò fi ẹnu kàn án. Láti ọjọ́ náà kò wọ igbó mọ́.

N kò sọ pé fíìmù ló pa á o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà sọ, ó sì ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tún sọ ní ìgbà tó kù díẹ̀ kó lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko. Ó ń béèrè pé ṣé àwọn ọdẹ á yìnbọn fún òun. Mo ní wọ́n á yìn ín. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ?

Nígbà tó kú, Ṣadé lọ bá Adéwùmí. Adéwùmí ní òun kò bá òkú jà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó fi imú gbọ́ ìbọn nígbà náà ti kú tán, àwọn ọdẹ tó wà nílẹ̀ báyìí, fíìmù ni wọ́n mọ̀. Bí ẹni tó kọ ìwé bá lè wá sí àárín àwọn, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni fíìmù pa, ìbọn á dún. Ṣadé pe Tíṣà lórí fóònù níwájú mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ṣadé, ṣé mo lè má wá ni? Bàbá rẹ kọ́?” Mo sùn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́rú ni ìpàdé àwọn ọdẹ. Tíṣà kò wá. Ó pe Ṣadé pé wọ́n ti ránṣẹ́ pe òun sí Èkó, wọ́n fẹ́ fi fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ, ó ní òun á sọ̀rọ̀ dáadáa nípa bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú. Ṣadé ní kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń yìnbọn. Tíṣà ti pa fóònù.

Ìyá Bùsúyì ló wá. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí i. Ó wọ mọ́tò láti Ìjàrẹ́, ó wọlé tọ̀ mí, mo ní kí ló dé tó fi da ara rẹ̀ láàmú, ó ní, “Ulé mi ni mo wá.” Ó lọ bá àwọn ọdẹ níbi tí wọ́n jókòó sí, ó kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó ní òun ni wọ́n gbé òkú bá, òun wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá Ọdẹ́túndé gbé ìbọn padà fún Akíntóyè, ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́. Adéwùmí tẹ́tí gbọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Ẹnu tó ti ń jẹ itan ẹran bọ̀, kò lè ṣe ẹlẹ́rìí.” Ìyá Bùsúyì padà wá bá mi, ó sì sùn tì mí lórí ẹní títí a fi sin òkú.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Mo ti gbọ́ òwe náà láti kékeré, mo sì gbà á gbọ́. Wọn kò kàn sọ fún wa bóyá ẹni tí wọ́n pa irọ́ mọ́ á ṣì wà lókè eèpẹ̀ lọ́jọ́ tí òótọ́ bá dé. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ mi báyìí, n kì í bínú sí ọmọ onírùngbọ̀n yẹn. Àlejò ni, kò mọ̀ wá. Kò jẹ iyán wa rí, kò bá wa sunkún rí. Ẹni tó mọ̀ wá ni mo ń rò, tó mọ òótọ́ débi pé òun ló kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì dákẹ́.

A sin Akíntóyè ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, sínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Oǹdó. Àwọn ọdẹ wá, wọ́n dúró lẹ́nu géètì, ìbọn wọn wà léjìká. Tíṣà Ládipọ̀ dé láti Èkó, ó gba àárín wọn kọjá, ó kí wọn, wọ́n kí i, ó wọlé wá jókòó. Wọ́n da eèpẹ̀ bo ọkọ mi. Ìbọn kankan kò dún.